ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Wọ́n Kan Ilẹ̀kùn Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

  

*Ibi kíkà:* Ẹ́kísódù 1:15-21

Bí aláboyún bá wà nínú ìjọ, ẹ mọ àdúrà tí a máa ń gbà fún un. A máa ń sọ pé yóò bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Kò ní sí ọ̀bẹ, kò ní sí wàhálà, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Gbogbo wa á sì ṣe àmín gidi. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún orí Bíbélì yẹn kà lówùúrọ̀ yìí, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Agbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀, Ṣífrà àti Púà. Bíbélì dárúkọ àwọn méjèèjì fún wa, ṣùgbọ́n ọba tó ń dẹ́rù bà wọ́n, oyè rẹ̀ nìkan la rí kà. Àwọn obìnrin Hébérù tí à ń fi gbàdúrà yìí, wọ́n ní agbẹ̀bí o! Ọlọ́run sì rí iṣẹ́ àwọn agbẹ̀bí náà, ó san án fún wọn.

Ìtàn obìnrin kan tó tọ ipasẹ̀ wọn la fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ida Scudder lorúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n bí Ida sí, lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1870. Ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀. Dókítà àti míṣọ́nnárì ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kan náà ni bàbá-bàbá rẹ̀ ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyàn ńlá mú ní gúúsù Íńdíà, ó sì fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọdé tí ebi ń pa. Bó ṣe dàgbà, kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì rárá. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì wù ú ni kó rí ọkọ fẹ́ níbẹ̀, kó máa jẹ ayé ìrọ̀rùn. Ẹ má bú u o. Nínú àwa náà, ta ló ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán òun lọ síbi tó le?

Ní nǹkan bí ọdún 1890, ara ìyá rẹ̀ ò yá. Ida padà sí Íńdíà, sí ìlú Tindivanam, láti wá tọ́jú ìyá rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí alẹ́ ọjọ́ kan fi dé.

Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni, láti ìdílé àwọn Brahmin tó ga jù láwùjọ wọn. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ń rọbí, kò sì rí ọmọ bí. Ida ní òun kì í ṣe dókítà, bàbá òun ni dókítà, kí ó jẹ́ kí bàbá tẹ̀ lé e lọ. Ọkùnrin náà kọ̀. Lójú àṣà wọn, ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ fojú kan obìnrin ilé, ká má tiẹ̀ sọ pé kó gbẹ̀bí rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́, ẹlòmíràn tún kan ilẹ̀kùn. Mùsùlùmí ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá wá, ìdí kan náà ló fi kọ̀. Ó tún ṣe díẹ̀, ẹnì kẹta dé, Híńdù mìíràn. Òun náà kò gbà kí ọkùnrin tọ́jú aya òun.

Ida ò lè sùn. Bàbá rẹ̀ tó mọ iṣẹ́, wọn ò gbà á láyè láti wọlé. Òun tí wọn ì bá gbà láyè, kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rán ìránṣẹ́ ilé lọ béèrè àwọn obìnrin náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Àwọn ọkọ yẹn nífẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn. Ẹni tí kò fẹ́ràn aya rẹ̀, ṣé á jáde lóru wá ìrànlọ́wọ́? Dókítà sì wà nínú ilé tí wọ́n wá. Ohun tó dínà ni àṣà, àti pé kò sí obìnrin kan nítòsí tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ida rò ó títí, ó rí i pé òun lè ṣe nǹkan sí ìkejì yìí. Ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, òun á sì padà wá.

Ó kàwé ní Philadelphia, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Cornell ní New York lọ́dún 1899, láìpẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba obìnrin síbẹ̀. Kó tó padà, wọ́n ní kó wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn obìnrin. Ọ̀gbẹ́ni Schell, onílé báńkì kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ló fún un ní 10,000 dọ́là, ní ìrántí aya rẹ̀.

Ọdún 1900 ló dé Íńdíà. Kò lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀, ẹni tó yẹ kó tọ́ ọ sọ́nà, fi kú. Nínú yàrá kékeré kan ní Vellore ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ò sì tètè gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fara dà á. Ní 1902 ilé ìwòsàn náà ṣí, ibùsùn 40 ló wà níbẹ̀, orúkọ ìyàwó Schell ni wọ́n fi sọ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, Ida tún máa ń jáde lọ sáwọn abúlé, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ igi, á máa tọ́jú àwọn tí kò lè rìn dé ìlú.

Iṣẹ́ wá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí dókítà kan bá yára tó ẹṣin, ìrọbí ò ní dúró dè é ní abúlé ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí i pé àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà gan-an ló yẹ kí òun kọ́. Ní 1909, ó dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ ẹ̀gbin. Ní 1918, ó dá ilé ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò, àwọn 14 ló yege, kò sí ọ̀kan tó fìdí rẹmi! Láti 1947, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ọkùnrin pẹ̀lú.

Ida kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n Àǹtí Ida ni gbogbo èèyàn ń pè é. Oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ló sùn nínú Olúwa, lẹ́ni ọdún 89, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Yàrá kékeré ọjọ́sí ti di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní Íńdíà.

Ẹ̀yin ará, wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn o.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí nọ́ọ̀sì bá ní ó di dandan kí ẹ lọ sílé ìwòsàn ńlá, tàbí kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má ní ká kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó gbé ọmọ rẹ̀ wálé, òun náà ti sọ̀ layọ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, bí ara ìyá bá gbóná, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gan-an, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Bí ọmọ ò bá mu ọmú, tó ń mí gúlegúle, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ lè máa gbàdúrà lójú ọ̀nà, Ọlọ́run ń gbọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa ńkọ́? A máa ń béèrè pé kí ló dé tí a ò rí wọn ní ìsìn. Yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n wà. Ìsìn ni ìyẹn náà.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí:* Ẹ pe ìyá ìkókó kan tí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí i kú ewu ọmọ, ẹ béèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn, kí ẹ sì fetí sí ìdáhùn rẹ̀.

*Àdúrà:* Baba, dá àwọn aláboyún wa sí, ní ìyá, ní ọmọ. Fún àwọn agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti dókítà wa lágbára, má jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn wa lónìí, jẹ́ ká rí nǹkan ṣe. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan tàbí aláboyún kan. Ọjọ́ wa á dára o.