Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò dríìpù: ìtàn Dókítà Sydney Ringer

 

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn rí ní ọsibítù á ti rí àpò omi tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sókè. Wọ́n máa ń kọ Ringer's Lactate sára òmíràn nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni Ringer. Rárá o, orúkọ èèyàn ni. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan oògùn tí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ń lò láràárọ̀.

Ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Sydney Ringer ní 1835. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ó kú nígbà tí Sydney ṣì kéré. Àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì bá òwò lọ sí apá Éṣíà. Frederick lówó gan-an ní Nagasaki ní Japan, débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ilé oúnjẹ kan ń jẹ́ níbẹ̀ títí dòní. Sydney ní tiẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní University College ní London, ó sì parí ní 1860. Ọsibítù ilé ìwé yẹn náà ló ti ṣiṣẹ́ títí di 1900. Ìwé tó kọ lórí oògùn ní 1869 di ohun tí wọ́n ń tún tẹ̀ léraléra.

Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn ni o, kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó sídìí ìwádìí. Tó bá ti yẹ aláìsàn wò tán, á yà sí yàrá ìwádìí, á dúró ti ọkàn ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí wọ́n bá yọ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ jáde, tí wọ́n fún un ní omi tó bá a mu, ó lè máa lù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí ló wá yẹ kó wà nínú omi náà? Ní 1882, Ringer tẹ ìwádìí kan jáde pé ọkàn náà lù dáadáa nínú omi iyọ̀. Ó gbà pé omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀, irú èyí tí àwọn réwáyà ń dà sí bátìrì mọ́tò, ni wọ́n fi po iyọ̀ náà. Àṣé omi ẹ̀rọ lásán ni! Omi ilé iṣẹ́ New River ni, láti inú ìsun tó ń gba àárín òkúta ẹfun kọjá. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ní Yewa: ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ìbèṣè láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Kálísíọ̀mù ló kún inú rẹ̀.

Ringer wá lo omi gidi tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ò lágbára mọ́, ó dákẹ́. Ó fi kálísíọ̀mù díẹ̀ sí i, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ní 1883, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé pé omi tí òun lò lákọ̀ọ́kọ́ kì í ṣe èyí tí òun rò. Ká sòótọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn bàbá yìí jù. Gbajúmọ̀ dókítà ni, ó lè panu mọ́, kó sì dá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àwárí náà ì bá sọnù.

Ó tún rí i pé ọkàn nílò pọ̀táṣíọ̀mù, àmọ́ díẹ̀ ni: tó bá ti pọ̀ jù, ọkàn á dúró. Ringer kú ní October 1910 ní abúlé Lastingham ní Yorkshire, níbi tó ti fowó ara rẹ̀ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní ìrántí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú ní kékeré.

Ní nǹkan bí 1930 sókè, Alexis Hartmann, dókítà àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi lactate kún omi Ringer nítorí àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Òun ló wà nínú àpò yẹn. Pọ̀táṣíọ̀mù ṣì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì torí pé ó rẹ̀ yín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa lè má rí pọ̀táṣíọ̀mù tọ̀ dànù, ọkàn ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ringer ò mọ ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọnú ọkàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín wà lára ẹran ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀, tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Ní bíi 1960 sókè, Albrecht Fleckenstein ní Jámánì kíyè sí i pé àwọn oògùn kan ń ṣe ọkàn bí ìgbà tí kò sí kálísíọ̀mù, gẹ́lẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ Ringer. Tó bá tún fi kálísíọ̀mù kún un, agbára á padà. Irú oògùn tó ń dí ilẹ̀kùn yẹn ni Nifedipine, òun náà ni Amlodipine tí wọ́n ń fún àwọn òbí wa fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ìfúnpá á sì wálẹ̀.

Àmọ́ ìgbà tí oògùn bá wà lára nìkan ló ń dí i o. Ẹni tó pa á tì torí pé orí ò fọ́ òun mọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ilẹ̀kùn á tún ṣí sílẹ̀, ìfúnpá á gòkè padà, ó sì lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Tẹ́ ẹ bá ní òbí tó ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì kù nílé.