Arthur Stanley Eddington, Ẹni tí ó wá Wọn Ìmọ́lẹ̀ ní Etí Òkun Wa

Kò sí ẹni tí ó gbé ojú sókè ní òru tí kò rí òṣùpá àti ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wádìí ohun tí wọ́n jẹ́ àti òfin tí ń darí wọn. Láti ìgbà láéláé ni ẹnu àwọn ọlọ́gbọ́n kò ti kò lórí ọ̀ràn yìí. Ptolemy, ẹni tí ó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ́ni pé ayé dúró sójú kan, àti pé oòrùn àti ìràwọ̀ ni ó ń yí i ká. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jọba fún ohun tí ó ju 1,300 ọdún lọ. Ní 1543 ni ìwé Copernicus jáde, tí ó wí pé oòrùn ni ó wà láàárín, ayé wa ni ó sì ń yí i ká. Galileo fi awò wo ojú ọ̀run, ó rí ẹ̀rí tí ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ó sì jìyà nítorí rẹ̀. Ní 1687 Isaac Newton fi hàn pé agbára kan náà tí ń fa èso igi wá sílẹ̀ ni ó so òṣùpá mọ́ ọ̀nà rẹ̀. Ó ju 200 ọdún lọ tí àwọn ènìyàn fi rò pé Newton ti parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ni ọkùnrin tí ó wá sí etí òkun tiwa yìí láti wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

A bí Arthur Stanley Eddington ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 1882, ní Kendal, ìlú kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ni baba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń múra láti jẹ́. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé àwọn Quaker ní ìlú náà. Àwọn Quaker ni ìjọ Kristẹni tí a tún ń pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́, tí wọn kì í gbé ohun ìjà, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ọmọlẹ́yìn Kristi kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún méjì nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa baba rẹ̀ ní 1884. Ìyá rẹ̀ kó òun àti Winifred ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí Weston-super-Mare ní etí òkun, ó sì fi ìwọ̀nba owó tí ó ní tọ́ wọn níbẹ̀. A ròyìn pé kí ọmọ yìí tó mọ ìwé kà ni ó ti kọ́ ìsọdipúpọ̀ sórí dé 24 lọ́nà 24, àti pé ó gbìyànjú láti ka iye ìràwọ̀ ojú ọ̀run.

Owó kò pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n orí ọmọ náà pé. Ní 1898, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 16, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Owens College ní Manchester. Ní 1902 ó tún gba òmíràn lọ sí Trinity College ní Cambridge. Ní 1904 ó gba ipò kìíní nínú ìdánwò ńlá ti ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge, ní ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1906 a mú un ṣe olùrànlọ́wọ́ àgbà ní ilé ìwòràwọ̀ Ọba ní Greenwich. Ní 1913 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge ní ẹni 30 ọdún, nígbà tí ó sì di 1914 a fi í ṣe olórí ilé ìwòràwọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ọdún náà gan-an ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ-ogun nìkan ni ó di ọ̀tá ara wọn; àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ìwé ẹ̀kọ́ kò sì ré kọjá láàárín wọn. Nígbà náà ni Albert Einstein, tí ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, gbé ẹ̀kọ́ tuntun kan jáde ní 1915. Ó wí pé kì í ṣe pé oòrùn na ọwọ́ agbára kan jáde láti fa ayé mọ́ra, bí kò ṣe pé ohun tí ó bá wúwo a máa tẹ òfuurufú àti àkókò tí ó yí i ká, bí ẹni tí ó jókòó lórí ẹní tí a na sókè ti ń mú kí ẹní náà tẹ̀. Willem de Sitter, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Netherlands tí kò sí nínú ogun náà, ni ó fi ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ sí Eddington. Ọ̀pọ̀ ìbá kọ̀ ọ́ nítorí ibi tí ó ti wá. Eddington kà á, ó yé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Ní ojú tirẹ̀, òtítọ́ kò ní orílẹ̀-èdè.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sínú ìyọnu. Ní 1918 ìjọba fẹ́ mú un lọ sí iṣẹ́ ológun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cambridge wá ọ̀nà láti gbà á sílẹ̀ nípa sísọ pé iṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìbá rọrùn fún un láti sá sábẹ́ ìyẹn kí ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé, bí a kò tilẹ̀ dá òun sí nítorí iṣẹ́, ẹ̀rí-ọkàn òun kò gbà kí òun jagun. Inú àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ fún un kò dùn sí i. Ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni àwọn mìíràn tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí gbà. Frank Dyson, olórí ilé ìwòràwọ̀ Ọba, ni ó gbà á là: ó ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ pé òṣùpá yóò dí oòrùn pátápátá ní ọdún tí ń bọ̀, àti pé Eddington ni ó yẹ kí ó lọ wò ó. A dá a sí, kí ó lè múra ìrìn-àjò náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń wá. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan bá kọjá lẹ́bàá oòrùn, yóò tẹ̀ díẹ̀, ìràwọ̀ náà yóò sì dà bí ẹni pé ó ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ní ọ̀sán a kò lè rí ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́bàá oòrùn, àfi nígbà tí òṣùpá bá dí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1919, oòrùn yóò wà láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Hyades, àwọn tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìṣirò tí a gbé ka òfin Newton wí pé ìràwọ̀ tí ó kan etí oòrùn yóò yẹ̀ ní ìwọ̀n 0.87 nínú ìpín bẹ́ẹ̀. Einstein wí pé 1.75 ni. Ó kéré tó bí ẹni pé a gbé pẹ́nì àtijọ́ kan sí ibi tí ó jìnnà sí wa ju máìlì méjì lọ. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni àgbáyé Newton àti ti Einstein ti yà.

Ikọ̀ kan lọ sí Sobral ní ilẹ̀ Brazil. Eddington àti Edwin Cottingham, ọ̀gá nínú iṣẹ́ aago, wọ ọkọ̀ ní Liverpool ní oṣù Kẹta, 1919, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Príncipe ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Erékùṣù kékeré ni èyí, tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí nígbà náà, tí ó sì kún fún oko kòkó. Ó wà lójú òkun ní gúúsù ìlà-oòrùn Èkó, ní nǹkan bí 430 máìlì. Oko tí a ń pè ní Sundy ni wọ́n gbé irinṣẹ́ wọn kalẹ̀ sí.

Ọjọ́ náà pé, Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa sì ni. Ní òwúrọ̀ òjò ńlá rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sí Eddington rí, nígbà tí ó lọ wo irú nǹkan yìí ní Brazil ní 1912 tí òjò bà gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nísinsìnyí òjò dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò kúrò. Díẹ̀ lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán òkùnkùn ṣú. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n ní. Eddington ń pààrọ̀ àwo dígí ìyàwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tilẹ̀ ráyè wo oòrùn náà bí ó ti yẹ. Àwòrán 16 ni wọ́n yà. Ìkùukùu bo ìràwọ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wúlò. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà kan náà, apá kan oòrùn pamọ́ fún ilẹ̀ Èkó pẹ̀lú; ẹni tí ó wà ní Ṣómólú tàbí ní etí ọ̀sà ní Bariga, bí ìkùukùu kò bá dí i lójú, ìbá rí i.

Nígbà tí a wọn àwọn àwòrán náà, ti Príncipe fún wa ní 1.61, èyí tí ó dára jù nínú ti Sobral sì fún wa ní 1.98. Awò kejì ní Sobral mú 0.93 wá, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò mọ́ kedere, a kò sì gbára lé e. A kéde èyí ní London ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, 1919, okìkí Einstein sì kàn ká gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà àwọn kan wí pé Eddington ti fẹ́ràn Einstein jù kí ó tó wọn ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní 1979 a tún àwo ti Sobral wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, ó sì bá ọ̀rọ̀ Einstein mu. Bí ó ti rí nìyẹn, tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn, nígbà tí oṣù 12 kò tí ì pé tí ìbọn dákẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ níbẹ̀. Ní 1920 ó sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé hydrogen tí ń di helium ni ó ń mú oòrùn jó tí kò kú. Èyí ti di òtítọ́ lónìí. Òun àti James Jeans bá ara wọn jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tí ń bẹ nínú ìràwọ̀. Àlùfáà Georges Lemaître láti Belgium kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni ó sì kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáyé ń gbòòrò sí i. Eddington polongo iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yìí ní 1930, àmọ́ kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjijì.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1930 ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà kan, Subrahmanyan Chandrasekhar, wá sí Cambridge. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ìràwọ̀ tí ó bá wúwo ju ìwọ̀n kan lọ kò lè sinmi ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, bí kò ṣe pé kí ó máa wó sínú ara rẹ̀. Eddington a máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti wo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní, 1935, níwájú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní London, gẹ́rẹ́ tí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán, Eddington dìde, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó dìde gbèjà àlejò náà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó rí ìtẹ́wọ́gbà. Ó kúrò lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì wà tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983. Ọmọ náà ni ó jàre. Síbẹ̀ kò di àgbà náà sínú; ọdún ẹ̀bùn rẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀ tí ó fi yin Eddington jáde.

Eddington kò gbéyàwó. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Winifred ni ó jọ ń gbé. Ó fẹ́ràn láti máa gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba fi oyè dá a lọ́lá ní 1930 àti 1938. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní Cambridge ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, 1944, ní ẹni ọdún 61, ogun ńlá kejì kò sì tí ì parí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọkùnrin kan náà ni ó gba òtítọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá, tí ó sì kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọmọdé tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ní 1918 òun nìkan ni ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó sì mọ bí ó ti rí kí ènìyàn dá dúró. Ní 1935 òun ni àgbà, gbogbo ilé sì bá a rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ a ó fi àwa náà ṣe àgbà nínú kíláàsì. Ọmọ kékeré kan yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì sọ ohun tí kò sí nínú ìwé wa. Kí a tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣe ohun tí Eddington ṣe ní Príncipe: kí a lọ wò ó, kí a sì wọ̀n ọ́n.