LAJOS KOSSUTH, AKỌNI ILẸ̀ HÚNGÁRÌ

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni Lajos Kossuth, tí a bí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1802 ní Monok, ní ilẹ̀ Húngárì. Ọmọ ìjọ Luther ni, amòfin sì ni. Abẹ́ ọba Ọ́stríà ni ilẹ̀ wọn wà nígbà náà.

Láti ọdún 1832 ni ó ti ń kọ ìròyìn ohun tí wọ́n ń sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ káàkiri. Èyí bí ìjọba nínú. Wọ́n mú un ní 1837, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí di 1840. Kò fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀: Bíbélì àti ìwé Shakespeare ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1841 ó gbé Terézia Meszlényi níyàwó, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn Pesti Hírlap. Ní 1848 ó di mínísítà ètò ìnáwó. Ọdún náà ni òfin tú àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ àfipáṣe tí wọ́n ń ṣe fún àwọn onílẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Ọ́stríà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1849, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Debrecen, wọ́n kéde òmìnira, Kossuth sì di gómìnà. Ṣùgbọ́n ọba Rọ́ṣíà kó ogun wá ran Ọ́stríà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ, Kossuth fi ipò sílẹ̀, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, wọ́n pa àwọn ọ̀gágun 13 ní Arad.

Aya rẹ̀ náà jìyà tirẹ̀. Terézia ń sá pamọ́ kiri, ó pa ìmúra dà kí wọ́n má baà dá a mọ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní 1850. Ọwọ́ ìjọba ti tẹ àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí wọn gbà.

Ní ìparí 1851 Kossuth dé Amẹ́ríkà láti wá ìrànlọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ lẹ́wọ̀n ni ó fi bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Àwọn tó ń jà fún ìtúsílẹ̀ wọn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dá sí i, kí ó má baà pàdánù ojúrere. Síbẹ̀, bí a ṣe bí ẹrú náà la bí ọmọ.

Ní 1867 Húngárì bá ọba Ọ́stríà rẹ́. Kossuth kò fara mọ́ ọn, kò sì padà sílé. Ìlú Turin ní Ítálì ni ó kú sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1894, ní ẹni ọdún 91. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá sin sí Budapest.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìfaradà rẹ̀. Kí a sì rántí pé ohun rere tí a ń wá fún ọmọ tiwa, ó tọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn náà.