Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà: Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ mẹ̀kúnnù

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí ni ó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955. Ọkùnrin tí ó la ètò náà sílẹ̀ ti papò dà láti ọdún 1985, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé dìde wà láàyè síbẹ̀ nínú ilé gbogbo wa: nígbà tí ọmọ bá kàwé tán, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe? Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ayé Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà.

Ìlú Awà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a bí i sí ní ọdún 1913. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Yaba Higher College, ní àdúgbò tiwa níhìn-ín. Ìjọba òyìnbó ti ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ọdún 1934, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun kan dun àwọn ọ̀dọ́ Èkó nípa rẹ̀: ìwé-ẹ̀rí tí a ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, ìyì rẹ̀ kò sì kọjá Nàìjíríà. Ẹni tí ó jáde níbẹ̀ yóò di igbákejì lábẹ́ òyìnbó, owó oṣù rẹ̀ yóò sì kéré sí ti òyìnbó náà. Ìbínú lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934 kan náà. Ní Yaba, nígbà náà, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ìmọ̀ rẹ̀ wà fún un.

Awókọ̀yà kò dúró níbẹ̀. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú Igbó. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di olórí rẹ̀, Awókọ̀yà ni a fi ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1952, ó gbé àbá kan síwájú ilé ìgbìmọ̀: kí gbogbo ọmọ ẹkùn náà kàwé fún ọdún mẹ́fà láìsan owó ilé-ìwé.

Àbá yìí kò rọrùn. Olùkọ́ kò tó, yàrá ìkàwé kò tó, owó kò sì tó. Ìjọba bu owó-orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn sì fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí a dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ N.C.N.C. borí ẹgbẹ́ Awókọ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an. Síbẹ̀ ìjọba kò yí ọwọ́ padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954, di 811,432 láàárín ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tí àwọn ọmọ Èkó òde òní lè má mọ̀. Mushin wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, Yaba àti Surulere sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ Mushin bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n ọmọ Yaba dúró di ọdún 1957.

Nígbà tí ó fi di òpin ọdún 1960, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ parí ìwé mẹ́fà. Baba wọn jẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ padà sí oko mọ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń wá kò pọ̀ tó láti gba gbogbo wọn, wọ́n sì rọ́ wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Archibald Callaway, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí ó ṣe ìwádìí nípa wọn láti Ìbàdàn, kò wo àìríṣẹ́ nìkan. Ó tún wo ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn télọ̀, káfíńtà àti mẹkáníìkì, níbi tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní ọdún 1960 kan náà, ìgbìmọ̀ Eric Ashby gbé ìròyìn jáde lórí irú òṣìṣẹ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò ní ogún ọdún tí ń bọ̀.

Awọn kan dá Awókọ̀yà lẹ́bi pé ó kọ́ àwọn ọmọ tí kò sí iṣẹ́ fún. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àìsí iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi ìwé. Ọrọ̀-ajé ni kò bá ìwé rìn. Awókọ̀yà fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, nítorí pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pínyà láìpẹ́ lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ó padà sí iṣẹ́ tí ó mọ̀. Ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kánjúkánjú tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí a ti ń múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùdámọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́, ó bá UNESCO ṣiṣẹ́, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ìwádìí tí ó dé lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé èso ẹ̀kọ́ kò mọ sí owó oṣù nìkan. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Una Osili àti Bridget Terry Long fi Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ti ní tirẹ̀ tipẹ́, wé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, wọ́n rí i pé ọdún kan tí a bá fi kún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ń dín iye ọmọ tí yóò bí kí ó tó pé ọdún 25 kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ọmọ kan. Èyí ni pé ọmọbìnrin tí ó kàwé ń ní àyè láti kọ́ṣẹ́ tàbí láti wá iṣẹ́ kí ẹrù ilé tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí àìríṣẹ́ ọmọ aládùúgbò mú yín rò pé owó ilé-ìwé ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé, kí ó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ ní Yaba, Surulere àti Mushin, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àbúrò yín láti wá kọ́ṣẹ́ ní àkókò ìsinmi. Ìránṣẹ́ inú òwe Jésù tí ó ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rí ojú rere olúwa rẹ̀. Awókọ̀yà kò ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àwa náà ri tiwa mọ́lẹ̀. Àmín.