Ross Winans, ẹni tó kó Ràkúnmí sójú irin

Ẹṣin ni Ross Winans wá tà ní Baltimore lọ́dún 1828. Ọmọ New Jersey ni, ọdún 1796 ni wọ́n bí i, oko ló sì ń dá. Ó gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Baltimore and Ohio Railroad, tí wọ́n ń gé kúrú sí B&O, fẹ́ la ọ̀nà irin láti etí òkun lọ sí odò Ohio, pé ẹṣin ni wọ́n máa fi fa ọkọ̀ wọn. Ọjà rèé, àbí? Àmọ́ nígbà tó débẹ̀, ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ ló gba ọkàn rẹ̀. Ó hùmọ̀ bí wọ́n ṣe lè ṣe é táá fi máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹṣin kan á lè fa ẹrù tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe wọ iṣẹ́ náà nìyẹn, òun náà ló sì wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin níkẹyìn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, agídí ni wọ́n sì sábà máa ń sọ pé ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó lágídí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ohun tó fi ń ṣagídí gan-an, ó jàre ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ibi tó ti jẹ̀bi ni kò sẹ́ni tó ń bá a wí lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Phineas Davis, tó ń ṣe aago tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ fún B&O tí wọ́n sì gbádùn. Grasshopper ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn tata, torí àwọn ọ̀pá gígùn tó ń lọ sókè sódò lórí wọn bí itan tata. Nígbà tí Davis kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ojú irin lọ́dún 1835, Winans àti George Gillingham gba iṣẹ́ náà ṣe ní Mount Clare, nínú Baltimore níbẹ̀. Winans wá ṣe oríṣi tuntun kan, wọ́n pè é ní Crab, akàn, nítorí pé bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń yí lòdì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ló ń rìn lọ. Lọ́dún 1844, Mud Digger dé, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, èyí tó ń gún ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ fi ń ta jáde lábẹ́ irin. Ẹ ò rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́un mọ orúkọ ọ́ sọ!

Ó wá ku Camel, Ràkúnmí. Ọdún 1848 ni èyí àkọ́kọ́ jáde, B&O nìkan sì rà ju 100 lọ nínú wọn. Èmi ò rò pé ẹ́ńjìnnì mìíràn wà láyé ìgbà náà tó burẹ́wà tó o, àmọ́ kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí kò nídìí. Ẹ rántí danfó tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Táyà ẹ̀yìn á máa yí lásán, kọ̀ndọ́ á wá ní káwọn géńdé bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìwúwo bá ti bọ́ sórí táyà tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ á jáde. Ohun tí Winans mọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ Camel, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń ṣiṣẹ́. Kò fi ẹsẹ̀ kékeré kankan síwájú tó kàn máa gbé ẹrù dání lásán. Gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnnì náà, tó lé ní tọ́ọ̀nù 20, ló ń tẹ irin mọ́lẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi nílò irú ẹ̀ ni òkè. Ọ̀nà irin náà dé Cumberland lọ́dún 1842, níbi tí èédú inú ilẹ̀ pọ̀ sí rẹpẹtẹ, ó sì dé Wheeling létí odò Ohio lọ́dún 1853. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa gun òkè kan tó gùn tó máìlì 17, tó ń fi nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 116 ga sí i láàárín máìlì kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré ò wúlò níbẹ̀, èyí tó lágbára ni wọ́n ń wá. Camel ò mọ eré sá, ṣùgbọ́n ó ń fa èédú gun òkè, èédú ló sì tún ń jẹ nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì ń jẹ igi. Nítorí èédú yìí ló fi fún un ní ibi ìdáná tó tóbi gan-an lẹ́yìn.

Ibi ìdáná yẹn ló gba àyè awakọ̀. Winans wá gbé ilé kékeré kan ka orí ìkòkò omi gbígbóná, ó ní kí awakọ̀ máa jókòó síbẹ̀. Òun ló dà bí iké ràkúnmí, tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Ẹ fojú inú wo ooru oṣù kẹjọ, kéèyàn wá jókòó sórí ìkòkò tó ń hó. Ẹnì kejì, ẹni tó ń da èédú síná, ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Orí ọkọ̀ èédú tó wà lẹ́yìn lónítọ̀hún ń dúró sí, tó ń já sókè sílẹ̀ bí irin bá ṣe rí. Yàtọ̀ sí ẹnu ibi ìdáná tó máa ń kó èédú sí, ó tún máa ń da òmíràn gba àwọn ihò tó wà lórí rẹ̀. Iná àti ariwo wà láàárín òun àti awakọ̀. Bí ewu bá yọ níwájú, báwo lẹnì kan ṣe fẹ́ kìlọ̀ fún ẹnì kejì?

Èyí ni mo sọ pé kò sẹ́ni tó ń bá a wí lé lórí. Ìjà tí Winans àti B&O jọ jà lọ sójú táyé, iye èédú tí Camel ń jó àti iye tí àtúnṣe ń ná wọn ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1853, Samuel Hayes, ọ̀gá ẹ̀rọ B&O, mú Camel, ó yọ ẹsẹ̀ méjì níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin síwájú tí yóò máa darí rẹ̀ ní kọ́nà. Ó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, ó ń sáré dáadáa. Henry Tyson tó di ọ̀gá ẹ̀rọ lọ́dún 1856 náà fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, ó ní kí Winans yí tirẹ̀ padà. Winans kọ̀ jálẹ̀. Ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde láti gbèjà Camel, Tyson náà fèsì. Níkẹyìn, B&O ò rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi kógbá iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì wọlé. Síbẹ̀ àwọn Camel tó wà nílẹ̀ ò yéé fa ẹrù, àwọn kan nínú wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé agídí lásán nìyẹn?

Ilé ẹjọ́ ò sú u. Ó gbé iléeṣẹ́ rélùwéè kiri ilé ẹjọ́ lórí ọkọ̀ èrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tó ní òun lòun hùmọ̀ rẹ̀, títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi dá a lẹ́bi lọ́dún 1858. Èyí tó jẹ lọ́dún 1853, lórí ọkọ̀ akéèédú tó rí roboto, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni, àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i dòní. Owó ò wọ́n ọn ṣá. Àwọn ọmọ rẹ̀, Thomas àti William, ti lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ọba Rọ́ṣíà láti ọdún 1843, wọ́n sì là.

Ọdún 1861 ni mi ò lè bá a dá sí. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Winans wọ ilé aṣòfin Maryland, ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ló sì fì sí, àwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ. Nínú oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ mú un nínú ọkọ̀ ojú irin bó ṣe ń bọ̀ láti ìjókòó ilé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láìpẹ́. Ìbọn kan tó ń fi ooru omi yìn ọta wà nílẹ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn sọ pé òun ló ṣe é. Irọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kàn bá wọn tún un ṣe ni.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ogun gúúsù tí Winans ń tì lẹ́yìn ya wọ Martinsburg, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì B&O. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú àwọn kan tó ṣì dáa palẹ̀, Camel wà lára wọn, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹṣin, wọ́n sì wọ́ wọn gba ojú títì oníyẹ̀pẹ̀ lọ sí Strasburg. Ẹṣin ló wá ń fa Ràkúnmí.

Winans kú ní Baltimore lọ́jọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 1877. Ní oṣù méje ọdún yẹn, B&O gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ 16, ní Martinsburg yẹn kan náà, àwọn tó ń da èédú síná lórí ọkọ̀ ẹrù, àtàwọn tó ń fa bíréèkì, tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀, wọ́n ní ẹrù kankan ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá dá owó àwọn padà.