Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Tí Ikú Gba Aya Méjì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Nígbà tí a bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Ìdànrè yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n wa lẹ́nu: a ó ní bí ó bá ṣe pé ó gbàdúrà tó ni, nǹkan kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí fún opó kan, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìtàn Ẹni-Ọ̀wọ̀ Thomas Birch Freeman wá, ẹni tí ó mú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ìjọ Elétò, wọ ilẹ̀ wa.

Wọ́n bí Freeman ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ní Twyford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ni ó ń ṣe lọ́dọ̀ ọlọ́lá kan nítòsí ìlú Ipswich, ó sì mọ ewéko bí ẹni mọ owó. Nígbà tí ìjọ ń wá míṣọ́nnárì tí yóò lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tuntun, Elizabeth Boot.

Ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 1838 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Wrigley, míṣọ́nnárì tí wọ́n retí láti bá níbẹ̀, ti kú, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Dunwell tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ ní 1835 kò lò pé oṣù mẹ́fà. Harrop àti aya rẹ̀ kò lò tó oṣù méjì. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá Freeman pàápàá wó. Elizabeth ni ó tọ́jú rẹ̀. Ọkọ dìde, ṣùgbọ́n àìsàn òjijì kọlu ìyàwó, ó sì kú ní oṣù Kejì, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n dé. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ọkọ yìí kò gbàdúrà.

Ó dúró síbẹ̀. Wọ́n ṣí ilé ìsìn ńlá ti Cape Coast ní ọdún náà gan-an. Ní 1839 ó la igbó kọjá lọ sí Kumasi lọ́dọ̀ ọba Àṣàntì, wọ́n sì dá a dúró lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Ní 1840 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá owó àti òṣìṣẹ́, níbẹ̀ ni ó ti gbé Lucinda Cowan níyàwó. Wọ́n dé Cape Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1841. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, Lucinda náà kú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ọdún 1841 yẹn dáadáa. Ní oṣù Kẹta rẹ̀, tí Lucinda ṣì wà láàyè, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Ferguson kọ lẹ́tà láti Badagry. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n di onígbàgbọ́ ní Sàró, tí wọ́n sì padà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọ rán òjíṣẹ́ Ọlọ́run sí wọn. Wọ́n retí fún ọdún kan àti ààbọ̀. Bóyá àwọn kan láàárín wọn tilẹ̀ rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé wọn. Ẹni tí a ó rán sí wọn ń sunkún lẹ́bàá ibojì ní Cape Coast.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Fante, àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé míṣọ́n, wọ́n sì fi ọparun kọ́ ilé ìsìn. Ní oṣù Kejìlá ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ó padà sí Badagry, ó bá Henry Townsend ti Ìjọ C.M.S. níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì. Lẹ́yìn èyí ó kọjá lọ bá Ọba Ghezo ní Dahomey. Àwọn de Graft ni ó dúró ti iṣẹ́ ní Badagry. A kì í sábà dárúkọ ìyá yẹn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Ọlọ́run mú àwọn obìnrin méjèèjì lọ kí ọwọ́ Freeman lè dilẹ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, a kò yọ ọ́, Ìwé Mímọ́ kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. N kò mọ ìdí tí Elizabeth fi kú. Ohun tí mo rí ni pé Freeman kò kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run tí kò fún un ní ohun tí ó ń fẹ́ jù lọ, Ọlọ́run náà kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyọnu rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 1854 ó fẹ́ Rebecca Morgan, ọmọ Fante, wọ́n sì bímọ. Ṣùgbọ́n ní 1857, gbèsè iṣẹ́ míṣọ́n mú kí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó di àgbẹ̀, bíi ti àwa ará Ìdànrè, ó sì lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù ní 1873, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ni ó sùn ní Accra. Ó ti lo ọdún 52 ní etíkun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ti pẹ́.