Robert Campbell: Ọmọ Jàmáíkà tó kó ìyàwó àti ọmọ wá sí erékùṣù Èkó

Ní Ìlúà, Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn lónìí, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kúrò nílé, òkè òkun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1862, ọkùnrin kan fi òkè òkun sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin wá sí erékùṣù Èkó kí wọ́n lè máa gbé láàrin wa. Robert Campbell ni orúkọ rẹ̀. Kí ó tó kó wọn dé, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ Òkè-Ògùn.

Kingston, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1829. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti òyìnbó Scotland ló pàdé lára rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ nígbà èwe, lẹ́yìn náà ló di olùkọ́. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ní ọdún 1857, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ọmọ Áfíríkà, ì báà ṣe ẹrú tàbí òmìnira, kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ta ni yóò fẹ́ tọ́ ọmọ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1859, òun àti Martin Delany wá wo ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá máa gbé lórí ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń lò ó ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí, Campbell dé Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti Ìṣẹ́yìn. Ó kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà ní ọdún 1861.

Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ogun Ìjàyè ti gba ọkàn àwọn Ẹ̀gbá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn kan sì ń tako ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Delany kò padà wá mọ́, ó sì di ọ̀gá nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Campbell kò yẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́ ní èwe wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú Gómìnà Freeman kò dùn sí i pé kí aláwọ̀ dúdú dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bu owó orí lé irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1863, The Anglo-African jáde, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Èkó. Títí di ìparí ọdún 1865 ló fi ń jáde.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ti Campbell, Èkó ni ó fi ṣe ilé. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún 1884. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ibòmíràn: kó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ibẹ̀, kó má sì gbé gbogbo ọkàn lé ìlérí àlejò tàbí ti onílé. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni ni kì í dani.